Wọ́n Wọn Táyé, Wọ́n Gé ti Kẹ́hìndé

Ohùn kan wà nínú ilé mi báyìí tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kò pariwo rárá. “Píìn” kékeré kan ni, ó máa ń ti yàrá àbígbẹ̀yìn mi, Mọrẹ́nikẹ́, jáde láàárọ̀ kó tó wẹ̀, á sì tún dún nígbà tó bá ti iléèwé dé. Ìwọ̀n onígíláàsì kan ló rà, irú èyí tí ènìyàn ń gorí rẹ̀ láti mọ bí òun ṣe wúwo tó. Níjọ́ àkọ́kọ́, mo rò pé fóònù ló ń dún. Àfi ìgbà tí mo rí i tó rọra da ìrẹsì rẹ̀ padà sínú ìkòkò, tó ní òun ti jẹun nílé ọ̀rẹ́ òun, ni etí mi tó là sí ohùn yẹn dáadáa. Ọkàn mi fò padà sí Igbó-Ọrà, sí agboolé wa, sọ́dọ̀ Kẹ́hìndé.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí a ṣe ń kí ara wa nígbà náà, ní nǹkan bí ọdún mélòó kan lẹ́yìn tí wọ́n pààrọ̀ iléèwé mọ́dà sí girama. Ara la fi ń kíni. Bí ẹnì kan bá ti oko ọ̀nà Ìdèrè dé, a ní, “Háà, o mà ti rù o! Ṣé kò sí?” Bó bá jẹ́ Èkó ló ti dé, a ní, “Ẹ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́! O ti sanra! Ayé ń yẹ ọ́.” Kò sí ẹni tó kà á sí àfojúdi. Ìyìn ni, àánú ni, ìfẹ́ sì ni pẹ̀lú. Èmi tí mo rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ìgbálẹ̀, gbangba ni wọ́n ti máa ń bi ìyá mi bóyá ó ń fún mi lóúnjẹ. Ìyá mi tó jẹ́ tíṣà á rẹ́rìn-ín, á ní, “Aràn inú ẹ̀ ni mò ń bọ́.”

Agboolé àwọn mùsùlùmí kan la ti háyà yàrá méjì, ilé Ìyá Ìbejì ló sì kángun sí tiwa. Ní Igbó-Ọrà, pé ènìyàn bí ìbejì kì í ṣe ìròyìn. Tí tíṣà bá pe “Táyé!” ní kíláàsì wa, ohùn tó máa dáhùn á pọ̀ débi pé á gbàgbé ohun tó fẹ́ bi wọ́n. Àmọ́ ìbejì agboolé wa yàtọ̀ lójú mi, torí Kẹ́hìndé lọ̀rẹ́ mi. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń já ìlasa, ewé ilá tí a fi ń sebẹ̀, láìpa igi ilá lára. Èmi ní tèmi, ìbéèrè ni iṣẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ tó bá rú mi lójú, n kì í lè fi sílẹ̀, wọ́n sì ti sọ mí ní Olófìn-íntótó kí n tó mọ ìtumọ̀ rẹ̀.

Bí Iléyá bá ti ń sún mọ́lé, Ìyá Ìbejì á ra aṣọ, á kó àwọn ọmọ lọ sọ́dọ̀ Bàbá Ràfíù, télọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́bàá títì tó lọ sí Èrúwà. Bàbá Ràfíù á fa téèpù kúrò lọ́rùn, á wọn Táyé láti èjìká dé orúnkún, á máa ké iye rẹ̀ sókè fún ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Kò ní wọn Kẹ́hìndé. “Ta ní ń wọn ìbejì lẹ́ẹ̀mejì?” ló máa ń wí. Ìwọ̀n Táyé ló fi ń gé aṣọ méjèèjì, bẹ́ẹ̀ náà sì ni àwọn télọ̀ yòókù tí mo mọ̀ ń ṣe. Tí àwọn ọmọ náà bá wọ̀ ọ́ tán tí wọ́n jọ ń bọ̀, ó máa ń wuni.

Lọ́dún tí a wọ girama, ara Kẹ́hìndé sáré ju ti Táyé lọ. Ìbàdí rẹ̀ yọ, àyà rẹ̀ náà yọ. Táyé ṣì rí gbọọrọ. Láàárọ̀ Iléyá, bí àwọn ọkùnrin ṣe ń múra àtilọ kírun ní yídì, ìyá wọn gbé káábà tuntun wọ Kẹ́hìndé, sípù kọ̀, kò gòkè. Ó ní kó fa inú wọlé. Ó tún fà á, sípù náà já. Àwọn obìnrin agboolé rọ́ dé, ọ̀kan nínú wọn sì ní, “Háà, Kẹ́hìndé! O jẹ tìẹ tán, o tún jẹ ti Táyé mọ́ ọn!” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, Kẹ́hìndé gan-an rẹ́rìn-ín. Wọ́n fi pín-ìn-nì de ẹ̀yìn aṣọ náà, wọ́n da ìborùn bò ó, a sì lọ jẹ ẹran.

Ẹ̀yìn Iléyá yẹn ni oúnjẹ sísè ṣàdédé wọ Kẹ́hìndé lẹ́wù. Òun ló ń lọ ata, òun ló ń ro láfún, òun ló ń bù fún gbogbo ilé, ó sì mọ ẹni tó fẹ́ràn ọbẹ̀ púpọ̀ àti ẹni tó fẹ́ràn pọ̀nmọ́. Wọ́n ń yìn ín pé ó ti ń di ìyàwó ilé. Èmi ń wo ọwọ́ rẹ̀ ní tèmi. Ọwọ́ tó ń bu oúnjẹ fún gbogbo ayé yìí kì í kan ẹnu ẹni tó ni ín. Tí mo bá bi í, á ní òun ti tọ́ ọbẹ̀ wò títí òun fi yó. Nígbà mìíràn, á ní ààwẹ̀ tí òun jẹ nínú Ràmàdáánì lòun ń san. Mo ní ààwẹ̀ wo ni kì í tán bí èyí? Ó bu mọ́ínmọ́ín kún tèmi.

Aṣọ Iléyá náà wá gbà á, inú ìyá rẹ̀ sì dùn. Nígbà tó yá, aṣọ ọ̀hún ń yọ́ bọ́ léjìká rẹ̀. Òtútù ń mú un lọ́sàn-án gangan, irun rẹ̀ ń re sínú ìyarun, nǹkan oṣù rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sì dáwọ́ dúró. Ó dákú lórí ìlà láàárọ̀ ọjọ́ kan níléèwé. Síbẹ̀, tí a bá jọ dúró níwájú dígí, á fi ìka méjì di awọ ikùn rẹ̀ mú, á ní, “Wò ó, ó ṣì kù.” Egungun nìkan lèmi ń rí. Ìyẹn ló rú mi lójú jù, pé dígí kan náà la jọ ń wò, ohun tó fi han kálukú wa ò sì jọra.

Agboolé ní àlàyé tirẹ̀. Wọ́n ní Táyé ló ń fa ẹ̀jẹ̀ Kẹ́hìndé mu. Táyé tí kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan wá ń sá jẹun lẹ́yìn ilé, kí wọ́n má baà rí i. Àwọn mìíràn ní rárá, ẹ̀wà ni ìbejì ń bèèrè. Ni Ìyá Ìbejì bá ń se ẹ̀wà elépo ní ọjọ́ Jímọ̀, ó ń pe gbogbo àwa ọmọdé àdúgbò jọ. Ẹ sì mọ ẹni tó ń bù ú fún wa. Àìsàn Kẹ́hìndé ń mú gbogbo àdúgbò sanra, èmi tí wọ́n ní aràn wà nínú mi náà bẹ̀rẹ̀ sí í ní ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Mo sọ fún ìyá mi pé Kẹ́hìndé kì í jẹ nínú ẹ̀wà náà. Ìyá mi sọ fún Ìyá Ìbejì, òun ò gbà. “Ọmọ tó ń sè é, tó ń bù ú? Ẹ̀yin náà ẹ wá wò ó, Tíṣà.” Ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, àwọn méjèèjì jókòó tì í. Ìyá rẹ̀ bu ẹ̀wà síbí kan, ó ní kó la ẹnu. Kẹ́hìndé la ẹnu, ó gbà á, omijé ń dà lójú rẹ̀, ẹ̀wà ò sì lọ.

“Màámi, mo fẹ́ gbé e mì. Kò jẹ́ kí n gbé e mì ni.”

“Ta ni kò jẹ́?”

“Mi ò mọ̀.”

Ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ náà. Mo mọ̀ pé ọ̀rẹ́ mi lè kú, pẹ̀lú ìkòkò oúnjẹ níwájú rẹ̀.

Wọ́n wá takisí, wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn. Èmi náà lọ, torí Kẹ́hìndé kò jọ̀wọ́ ọwọ́ mi. Nọ́ọ̀sì tó gbà á, ọmọ Èrúwà kan tí ohùn rẹ̀ nípọn, fa omi sí i lára, kò bú u, kò sì ní kó jẹun nítorí ìyá rẹ̀. Ó ní àìsàn ni. Ó ní ọkàn ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀, bí ẹni tó kàn fẹ́ dín oúnjẹ kù, tó bá yá, á gba ìjánu lọ́wọ́ ẹni, kì í sì í ṣe agídí. Ó ní wọ́n gbọ́dọ̀ gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà tó ń tọ́jú àìsàn èrò ọkàn ní Ìbàdàn. Lẹ́yìn náà ló béèrè ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀.

“Aṣọ Iléyá ni,” Táyé ló sọ bẹ́ẹ̀. “Ìwọ̀n mi ni. Ó fẹ́ kí ó gba òun.”

Ìyá Ìbejì ká ọwọ́ lérí. Nọ́ọ̀sì náà fà á jókòó, ó ní, “Ẹ má da ara yín lẹ́bi. Àmọ́ ara kálukú ló ní ìwọ̀n tirẹ̀, ìbejì o, ìbẹta o.”

Ìwòsàn náà ò yá. Ó jẹun lónìí, ó kọ̀ ọ́ lọ́la. Wọ́n ń lọ Ìbàdàn, wọ́n ń bọ̀. Bí dókítà ṣe wí, gbogbo wa ń jẹun yí àwo kan ká, a ń sọ̀rọ̀ iléèwé, kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ọwọ́ rẹ̀, ó sì ṣòro fún Olófìn-íntótó láti máa wo ibòmíràn. Nígbà tí ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀ sípò, aládùúgbò kan fi tayọ̀tayọ̀ kí i pé, “Háà, o ti sanra!” Láti ọjọ́ yẹn, ó tún di ẹnu pa mọ́ oúnjẹ fún ìgbà díẹ̀. Ni Ìyá Ìbejì bá kiri ojúlé dé ojúlé, ó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má fi ara kí ọmọ òun mọ́. Ó nira fún ìlú tí kò mọ ìkíni mìíràn. Bàbá Àgbà, olórí agboolé, ya ẹnu lọ́jọ́ kan bí Kẹ́hìndé ṣe kúnlẹ̀ kí i: “Kẹ́hìndé! O ti… o ti…” Ìyá Ìbejì ti ń mi orí lẹ́yìn ọmọ náà. “O ti ga!” ni bàbá fi parí rẹ̀. Kẹ́hìndé kò fi nǹkan kan ga. Ó bú sẹ́rìn-ín, a ò sì tíì gbọ́ ẹ̀rín yẹn látọjọ́ pípẹ́.

Nígbà tí Iléyá tún dé, wọ́n lọ sọ́dọ̀ Bàbá Ràfíù. Ó wọn Táyé tán, ó ń ká téèpù.

“Ẹ wọn Kẹ́hìndé náà,” Ìyá Ìbejì wí.

“Kí n wọn ìbejì lẹ́ẹ̀mejì? Wọ́n á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.”

“Ẹ wọ̀n ọ́n, tàbí kí n gbé aṣọ mi.”

Ó wọ̀n ọ́n. Kò ké iye kankan sókè lọ́tẹ̀ yìí. Aṣọ méjèèjì jọra láti òkèèrè, wọ́n sì gba àwọn tó wọ̀ wọ́n.

Títì Èrúwà ti yí padà báyìí, ọ̀kadà ti gbà á, ṣọ́ọ̀bù Bàbá Ràfíù ti di ibi tí wọ́n ti ń ta káàdì fóònù. Àwọn ọmọ mi ò sì gbà kí n fi ara kí wọn mọ́; wọ́n ní ìwà àtijọ́ ni. Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà ti bá ìgbà lọ, àfi ìgbà tí “píìn” wọ ilé mi. Mo pe Kẹ́hìndé ní Lánlátẹ̀, níbi tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ oúnjẹ sísè. Òun náà ti ń jẹ nínú ohun tó bá sè. Ó gbọ́ mi tán, ó ní,

“Kọ́kọ́ mú un lọ rí dókítà. Má sì bi í pé kí ló dé tí kì í jẹun. Bi í pé aṣọ ta ló fẹ́ wọ̀.”

Mo ti bá dókítà sọ̀rọ̀ fún ọ̀la. Nírọ̀lẹ́ yìí, mo bu oúnjẹ sínú àwo kan, mo jókòó ti Mọrẹ́nikẹ́, mo sì bi í. Ó na fóònù rẹ̀ sí mi. Ọmọbìnrin kan wà nínú rẹ̀, tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín, ẹni tí a ò mọ̀ rí, tí kò sì mọ̀ wá. Mo wò ó títí. Wọ́n ti lọ wọn ọmọ ẹlòmíràn, wọ́n sì ti fi gé aṣọ ọmọ mi.