Ọjọ́ Tí Ààfáà Gba Abẹ́ Màrìwò Wọlé

Ọyẹ́ mú láàárọ̀ ọjọ́ náà débi pé a kò rí òrùlé ilé tó kọjú sí tiwa. Eruku funfun bo ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ètè gbogbo wa ti là, omi inú ìkòkò sì tutù tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọdé fi ń sá fún ìwẹ̀. N kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà náà. Àkúrẹ́ ni a wà, lápá ọ̀nà tó lọ sí Oda, nígbà tí Àkúrẹ́ kò tíì fẹ̀ tó báyìí. Ẹ̀yin ọmọ ọmọ mi tí ẹ máa ń ní kí n sọ̀rọ̀ ìgbà èwe mi, ẹ jókòó dáadáa. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rù ni mo fẹ́ sọ lónìí, n kò sì ní kánjú sọ ọ́.

Ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀. Àìsàn kan wà láyé ìgbà náà tí ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ rẹ̀, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ̀yin ti gbọ́ orúkọ náà nílé ìwé, kò sì bà yín lẹ́rù. Nígbà tiwa, Olóde ni à ń pè é, tàbí kí àgbàlagbà kàn fi ọwọ́ pa ojú rẹ̀, kí a sì mọ ohun tó ń sọ. Ó máa ń so sára bí èso, á kún fún omi. Ó ń pa ọmọdé, ó ń pa àgbà, ẹni tí kò bá sì pa, á dá ihò sí i lójú. Bí ó bá wá pa ènìyàn, wọn kì í sunkún o. Ọpẹ́ ni wọ́n ń dá. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ kú á máa wí pé, "A dúpẹ́, a dúpẹ́," nítorí wọ́n gbà pé bí ó bá gbọ́ ẹkún, á padà wá mú òmíràn.

Láàárọ̀ ọjọ́ ọyẹ́ yẹn, èmi àti ọmọbìnrin kan ládùúgbò wa ń bọ̀ láti odò. Ó jù mí lọ díẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì mú. Ó ní n kò láyà. Mo ní mo láyà.

"Ó dáa, bí o bá láyà, dárúkọ rẹ̀. Pariwo rẹ̀ kí oòrùn gbọ́."

Mo sọ ìkòkò omi mi kalẹ̀, mo sì pe orúkọ náà lẹ́ẹ̀mẹta, orúkọ rẹ̀ gan-an. Ọmọbìnrin náà da omi tirẹ̀ nù, ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Èmi nìkan dúró nínú eruku, mo ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu mi.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni ara àbúrò mi gbóná. Ọmọ ọdún méjì àbọ̀ ni, òun nìkan sì ni ọkùnrin tí ìyá mi bí. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ojú rẹ̀ ti pọ́n, kò jẹun mọ́, kò sọ̀rọ̀ mọ́. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, ara rẹ̀ sú, láti etí dé ọrùn, láti ọrùn dé àyà.

Ìyé àgbà, ìyá bàbá mi, ló kọ́kọ́ rí i. Ẹran ìgbẹ́ gbígbẹ ni ó ń tà, obìnrin tí kì í bẹ̀rù ejò. Ó wo ojú ọmọ náà, ó rọra jókòó sílẹ̀, ó sì wí fún ìyá mi pé, "Àlejò ti wọ ulé wa. Má sunkún o." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá mi fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó ń wí pé, "A dúpẹ́, a dúpẹ́." Omijé kò gbọdọ̀ bọ́ lójú rẹ̀, ó wá ń mi orí bí aláǹgbá.

Kí oòrùn tó kan àtàrí, wọ́n ti ta màrìwò sí ẹnu ọ̀nà wa. Ẹni tó bá rí màrìwò mọ̀ pé kí òun yà. Wọ́n ránṣẹ́ sí bàbá mi lóko. Ahéré kan wà nínú igbó lọ́nà Oda tí wọ́n máa ń gbé irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ lọ, obìnrin àgbà kan tí Olóde ti bá jà rí ló ń tọ́jú wọn níbẹ̀. Wọ́n ní bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá ti ń mọ́, àbúrò mi ń lọ nìyẹn. Mo mọ ọmọ mẹ́ta tí wọ́n gbé lọ sí ahéré yẹn. N kò rí ìkankan nínú wọn mọ́.

Èmi ni mo sì mọ ẹni tó pe àlejò náà. Ẹ̀yin ọmọ, mo ti sin ọkọ, mo ti rí olè lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n ẹ̀rù tó bà mí lọ́jọ́ náà, n kò rí irú rẹ̀ mọ́ títí di òní. Bí àgbà kan bá wò mí, n ó rò pé ó ti mọ̀. N kò sì lè sọ ọ́, nítorí mo ti gbọ́ pé ẹni tó bá pè é, òun ni wọ́n máa ń fi dípò aláìsàn.

Ààfáà kan wà lẹ́yìn ilé wa. Fìlà ni ó ń rán tà, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ bíi mélòó kan ní kéwú lábẹ́ igi fúrúùtù. Ìlọrin ló ti wá, ṣùgbọ́n ó pẹ́ ní Oǹdó kí ó tó wá sọ́dọ̀ wa, tó fi jẹ́ pé bí inú bá bí i, èdè Oǹdó ló fi ń bú àwọn ọmọ kéwú. Ojú rẹ̀ kún fún ihò wẹ́wẹ́. Àwa ọmọdé máa ń pè é ní Bàbá Asẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì ni àwa ń lọ, ìyá mi sì ti kìlọ̀ pé kí a má dé ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ nípa hàntú, tí àwọn ààfáà ń kọ sára pátákó wàláà, tí wọ́n ń fi omi fọ̀ kí aláìsàn mu ún. Mo rò pé ohun tí ó bá kọ á lé orúkọ tí mo pè jáde. Mo gba ẹ̀yìnkùlé sá lọ.

"Bàbá, ẹ fún mi ní hàntú."

"Ta ló rán ọ?"

"Kò sí, sà."

"Ta ni ara rẹ̀ kò yá?"

"Àbúrò mi ni."

"Kí ló ń ṣe é?"

Mo fi ọwọ́ pa ojú mi bí àwọn àgbà ti ń ṣe, ẹkún sì gbé mi.

Ó fi abẹ́rẹ́ gún fìlà, ó gbé e sílẹ̀. "Hàntú kọ́ la ó fi bẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè la ó fi bẹ̀rẹ̀." Ó wọlé, ó gbé ìwé kan jáde tó fi awọ ewúrẹ́ wé, ikán ti jẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó ń wo ìwé, ó ń wò mí. Ṣé ọmọ náà ń wúkọ́? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé ikun ń dà nímú rẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé ó ń sá fún ìmọ́lẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé ó ń ké bí wọ́n bá fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀? Mo ronú. Rárá, bí wọ́n bá ń gbá a lẹ́yìn pẹ́pẹ́ ni ó fi ń sùn. Ṣé omi wà nínú èyí tó sú sí i lára? Rárá, ó kàn pupa ni.

Ó ní bàbá kan ló kọ ọ̀rọ̀ yìí, Mùsùlùmí, oníṣègùn ní ilẹ̀ Páṣíà, tó ti kú láti ẹgbẹ̀rún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní láyé ìgbà náà, ọ̀pọ̀ oníṣègùn ló ń da àìsàn méjì pọ̀: eléyìí tí à ń bẹ̀rù, àti èéyi tí ń mú ọmọdé. Bàbá yẹn jókòó ti àwọn aláìsàn, ó ń wò, ó ń kọ, títí ó fi yà wọ́n sọ́tọ̀. Olùkọ́ ààfáà wa ló fọwọ́ ara rẹ̀ da ọ̀rọ̀ náà kọ sínú ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

N kò lè pa á mọ́ra mọ́. Mo ní, "Bàbá, èmi ni mo pè é."

"Nígbà wo?"

"Láàárọ̀ ọjọ́ tí ara rẹ̀ gbóná."

"Ọmọ náà kò tíì máa wúkọ́ kí o tó pè é?"

Ó ti ń wúkọ́. Láti ọjọ́ tó ṣáájú ni ìyá mi ti ń fi àdí pa á láyà.

Ààfáà rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Àlejò tó ti sùn nílé yín mọ́jú ni o wá lọ ń pè lójú odò?"

Bí ẹrù kan ṣe sọ̀ kúrò lórí mi nìyẹn, ṣùgbọ́n òmíràn ṣì kù. Ta ni yóò sọ fún Ìyé àgbà?

Òun fúnra rẹ̀ ló lọ. Mo ń tẹ̀lé e. Ìyé àgbà dìde bọ́ sí ẹnu ọ̀nà.

"Ààfáà, o ò rí màrìwò ni?"

"Mo rí i, Màmá."

"Ojú rẹ ti fọ́ ni?"

"Ojú mi yìí ni Olóde ti jẹ, ẹ wò ó. Kì í padà wá jẹ àjẹkù." Ó bẹ̀rẹ̀, ó gba abẹ́ màrìwò wọlé.

Ìyá mi gbá ọmọ náà mọ́ra. Ààfáà ṣí fèrèsé díẹ̀, ọmọ náà fi igbe ta, ààfáà sì yára pa á dé. Ó wo ẹ̀yìn etí rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra á láyà jẹ́jẹ́. "Èéyi ni. Èéyi tó le ni, ṣùgbọ́n èéyi ni."

"Ta ló sọ fún ọ?" Ìyé àgbà bi í.

Ó sọ ti bàbá oníṣègùn ilẹ̀ Páṣíà.

"Kí ni ará ibẹ̀ mọ̀ nípa ọmọ Àkúrẹ́?"

Ààfáà kò bínú. Ó ní wọ́n ní kí bàbá yẹn wá ibi tí wọn yóò kọ́ ilé ìwòsàn sí nínú ìlú ńlá kan. Ó gé ẹran tútù, ó fi kọ́ káàkiri àdúgbò. Ibi tí ẹran ti pẹ́ jù kí ó tó rà, ibẹ̀ ló ní kí wọ́n kọ́ ọ sí, nítorí pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ló mọ́ jù.

Gbogbo ayé Ìyé àgbà ló fi ń bá ẹran jà kí ó má baà rà. Ó ní, "Ẹni tó mọ ẹran báyẹn kì í ṣe òpònú." Ó tún wò ó. "Bí kò bá rí bí o ṣe wí ńkọ́?"

"Ẹ fún mi di àárọ̀ ọ̀la. Bí ó bá jẹ́ ti Olóde ni, bí ilẹ̀ bá fi mọ́, á ti máa le bí hóró erèé lábẹ́ awọ. Bí ẹ bá rí i bẹ́ẹ̀, èmi ni n ó pọ̀n ọ́n lọ sí ahéré, n ó sì dúró tì í níbẹ̀."

Ó ní kí wọ́n ká aṣọ nípọn kúrò lára rẹ̀, kí wọ́n máa fún un lómi díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n máa fi omi sísè tó ti tutù nu ojú rẹ̀, kí ọmọ tí kò tíì ṣe èéyi má sì sún mọ́ ọn. Bí ó bá ti di àárọ̀, kí a gbé e lọ sí dìsípẹ́ńsárì. Ó ní ìwé òun mọ àìsàn, àwọn yẹn ló ní oògùn.

Ayé ti yí padà o. Àìsàn tí mo pariwo rẹ̀ yẹn ti tán lórí ilẹ̀, mo ń dárúkọ rẹ̀ lọ́sàn-án gangan báyìí, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Èéyi náà, abẹ́rẹ́ ni ẹ fi ń dènà rẹ̀. Ọ̀kan nínú yín tó wà ní yunifásítì níbí ka orúkọ bàbá oníṣègùn náà fún mi lórí fóònù rẹ̀. Ó ní bàbá yẹn nìkan kọ́, ó ní Mùsùlùmí ìgbàanì kan ló ṣàlàyé bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń wọ ojú wa, òmíràn ló sì ṣètò ìṣirò tó ń fún yín lórí fífọ́ nílé ìwé. Ahọ́n mi kò gbé orúkọ wọn. Ìwé kékeré ni mo kà. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹnì kan jókòó, ó wò ó dáadáa, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ọmọ Àkúrẹ́ kan sì jàǹfààní rẹ̀.

Ẹ̀rù nìkan ni kò yí padà. Ìgbà tí mo wà ní Alágbàká lọ́dọ̀ bàbá yín, obìnrin kan wà ní ilé kejì, ó kàwé, ó ní mọ́tò. Kókó wà lọ́yàn rẹ̀. Ó fi pamọ́, ó ní ayé ló ń bá òun jà. Wọn kì í ta màrìwò ní Alágbàká, gèètì ni wọ́n ń tì. Ìgbà tí wọn yóò fi ṣí i, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Nítorí náà ni mo ṣe ń sọ ìtàn yìí fún yín. Ohun tí ẹ bá ń bẹ̀rù, ẹ wò ó dáadáa, ẹ bi ẹni tó mọ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ kejì, èmi ni mo kọ́kọ́ na ọwọ́. Mo rọra ra àbúrò mi níwájú orí. Ó rí ṣákaṣàka, ṣùgbọ́n kò sí hóró kankan lábẹ́ awọ. Ìyé àgbà náà ra á, ó tún ra á. Ó lọ fa màrìwò já fúnra rẹ̀, ó tì í bọ abẹ́ ìkòkò tó wà lórí iná. Nígbà náà ni ìyá mi tó sunkún.

Èmi ti ṣe èéyi rí, nítorí náà èmi ni wọ́n ní kí n pọ̀n ọ́n. Bàbá yín ti Ìta-Ògbólú tó ń jágbe mọ́ gbogbo yín lónìí, òun ni mo pọ̀n sẹ́yìn, ó gbóná bí àdògán. Mo fi ìborùn ìyá mi bo ojú rẹ̀, ìyá mi ń bọ̀ lẹ́yìn pẹ̀lú omi. Bí a ti ń kọjá, wọ́n ń pa fèrèsé dé, gbà, gbà, gbà. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí, ṣùgbọ́n mo la ẹnu, mo sì ń pariwo ní ojúlé kọ̀ọ̀kan: "Èéyi ni o! Ẹ mú ọmọ tí kò tíì ṣe é wọlé! Èéyi ni o!"

Fèrèsé kan ṣí. Òmíràn ṣí. Obìnrin kan yọjú: "Kí lo pè é?"

"Èéyi ni, mà!"

A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé dìsípẹ́ńsárì kí àbúrò mi tó gbé orí sókè lẹ́yìn mi. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ méjì ni pé, "Má pariwo."

Mo tún pariwo.