Eléyìí Ò Support Band Twelve

Ní àdúgbò tuntun kan ní Fulshear, lẹ́yìn ìlú Houston ní Amẹ́ríkà, níbi tí gbogbo ilé ti jọra bí ìbejì tí wọ́n wọ aṣọ kan náà fún, obìnrin òyìnbó kan wà tó gbà tọkàntọkàn pé wòlíì ni Màmá Dára. Òyìnbó náà ò jẹ̀bi. Láràárọ̀ ló máa ń rí màmá yìí tí wọ́n á jáde síwájú ilé pẹ̀lú ìró àti gèlè, tí wọ́n á na ọwọ́ ọ̀tún sókè ọ̀run, tí wọ́n á rọra rìn lọ sápá òsì, tí wọ́n á tún rìn padà, tí wọ́n á máa ráhùn lábẹ́ ẹnu. Òyìnbó á dúró ti àpótí lẹ́tà rẹ̀, á di ojú, á ní, “Amen.”

Kò sí àdúrà kankan níbẹ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni Màmá Dára ń wá.

Ọmọ́níkẹ́ ni orúkọ wọn gan-an. Wọ́n ti lé ní ọgọ́ta ọdún, opó ni wọ́n, iṣẹ́ oúnjẹ sísè ní daycare ni wọ́n sì ṣe fún ọdún gbọọrọ láàárín ìlú Houston. Ọmọ tó bá lóun ò jẹun, Màmá Dára á kàn wò ó, wọ́n á ní, “Gbà.” Ọmọ tí ò gbọ́ Yorùbá rí láyé ẹ̀ á la ẹnu. Nígbà tí Olúwadára ọmọ wọn àti Tìmí ọkọ rẹ̀ ra ilé sí Fulshear nítorí àyè, Màmá Dára bá wọn kó lọ. Àyè pọ̀ níbẹ̀ lóòótọ́. Èèyàn lè pe èèyàn láti kíṣìnì kó má gbọ́ ní yàrá. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù Màmá Dára. Ti Dára ń ṣiṣẹ́, ti Tìmí ń ṣiṣẹ́, kódà fíríìjì ilé náà ń rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tiẹ̀. Ti Màmá nìkan ló dákẹ́ bí ọmọ tó jí ẹran jẹ.

Ìkẹjà ni wọ́n ti fọwọ́ ara wọn yan fóònù yẹn kí wọ́n tó wá. Ó ní tọ́ọ̀ṣì, ó ń gba síìmù méjì, tó bá sì ké, àwọn ọmọ daycare tó ń sùn lọ́sàn-án á jí pátá. Dára ti ra tuntun fún wọn. Tuntun yẹn máa ń wo ojú èèyàn kó tó ṣí. Ní ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ tí Màmá wé gèlè, ó wò wọ́n, ó lóun ò mọ̀ wọ́n rí.

“Fóònù tí mo fi iná bọ́ mọ́jú,” ni Màmá Dára wí, “òun ló ń bi mí pé ta ni mí.” Wọ́n dá a padà sínú páálí ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà ì bá parí síbẹ̀, bí kì í bá ṣe ti Àǹtí Bọ́lá.

Àǹtí Bọ́lá ni ẹ̀gbọ́n wọn ní Ìjẹ̀bú-Igbó, òun ló pọ̀n wọ́n, òun ló sìn wọ́n lọ sílé ọkọ. Kì í lo WhatsApp. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ bá òun sọ̀rọ̀, kó jẹ́ kí fóònù ké. Gbogbo Sátidé ló máa ń pe àbúrò ẹ̀, láti ìgbà tí wọ́n sì ti kó dé Fulshear, ìpè ò wọlé mọ́. Wọ́n fi fóònù Dára pè é padà títí, kò gbé e. Ó ní nọ́ńbà tóun ò mọ̀, ọmọ Yahoo ni. Níkẹyìn, ọmọ rẹ̀ tó wá kí i láti Ìbàdàn gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó fi í ránṣẹ́ sí Dára kó tó padà síbi iṣẹ́:

“Ẹ bá mi sọ fún Níkẹ́ pé mo gbọ́ pé ó ti kó lọ sílé ńlá. Kó máa gbádùn. Sátidé tó ń bọ̀ yìí ni màá pè é gbẹ̀yìn. Bí kò bá gbé e, mo ti gbọ́ èsì mi.”

Màmá Dára ò lè jẹun alẹ́ ọjọ́ yẹn. Wọ́n mọ ẹ̀gbọ́n wọn. Obìnrin kan tó yá ìgbálẹ̀ Àǹtí Bọ́lá láyé ìjọba ológun tí kò dá a padà, wọn ò tíì kí ara wọn di òní.

Tìmí ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Ẹnjiníà ni Tìmí nílé iṣẹ́ epo kan ní Energy Corridor, ó mọ bí wọ́n ṣe ń fa epo jáde lábẹ́ òkun, nítorí náà ó dá a lójú pé ọ̀rọ̀ fóònù ò lè ṣòro. “Mọ́mì, wọ́n lock ẹ̀ ni. Tí wọ́n bá ti ṣí i, ó parí.” Ó wa mọ́tò gbé wọn lọ sí ìlú Sugar Land nítòsí, lọ́dọ̀ Ẹkúndayọ̀, ọmọ Àkúrẹ́ kan tó ń tún fóònù ṣe, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ẹkúndayọ̀ gba fóònù, ó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Màmá Dára ní kí wọ́n fi ilé ìyàgbẹ́ han àwọn.

Ibẹ̀ ni wọ́n wà, tí wọ́n ń fọwọ́, tí ohùn Ẹkúndayọ̀ fi gba abẹ́ ìlẹ̀kùn wọlé.

“Ẹ̀gbọ́n, kò sẹ́ni tó tì í. Ó ti ṣí sílẹ̀ láti Nàìjíríà. Wàhálà ibẹ̀ ni pé eléyìí ò support Band Twelve. Band Twelve ló sì gba gbogbo Fulshear.”

Màmá Dára pa omi.

Ẹ jẹ́ kó yé wa. Nínú ìjọ Kérúbù tí Màmá Dára ń lọ, wọ́n pín àwọn ìyá sí báǹdì-báǹdì, báǹdì kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà tiẹ̀. Band Twelve ló ń se oúnjẹ, Màmá Adéolú sì ni olórí wọn. Màmá Dára wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, títí di ìkórè tó kọjá, tí Màmá Adéolú dìde láàárín ìpàdé, tó ní láti ọjọ́ náà lọ, inú ike ni wọn yóò máa se mọ́ínmọ́ín sí, pé ewé ń fi àkókò ṣòfò. Màmá Dára dìde. Wọ́n kó ewé wọn, wọ́n wọ bàtà wọn lẹ́nu ọ̀nà, wọn ò padà lọ. Kò pẹ́ sígbà náà ni wọ́n kó lọ sí Fulshear. Ìyẹn ni pé, bí wọ́n ṣe kúrò ní Band Twelve ni fóònù wọn kú. Wọn ò ro ó pọ̀ mọ́ra rí. Nílé ìyàgbẹ́ yẹn ni wọ́n rò ó pọ̀.

“Ṣé kò wá sí bá a ṣe lè yí i padà?” Tìmí ló ń béèrè níta.

“Rárá o. Bí wọ́n ṣe dá a nìyẹn. Ohun tí wọn ò bá fi sínú ẹ̀ láti ilẹ̀, kò sẹ́ni tó lè fi sí i mọ́. Àwọn kan á ní àwọn lè yí i, ẹ má dá wọn lóhùn. Nàìjíríà ló bá eléyìí mu. Ibẹ̀ ló ti máa ń já fáfá.”

“Kí la wá fẹ́ ṣe sí i báyìí?”

“Ẹ pààrọ̀ ẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ síbí, kí n fún yín ní tuntun tí ò ní máa yọ yín lẹ́nu.”

“Há, ìyàwó mi á lé mi jáde nílé.”

“Ẹ̀gbọ́n, ó ti gbó. Ẹ wo bó ṣe wúwo. Ẹ tiẹ̀ wo bí ẹ̀yìn ẹ̀ ṣe rí.”

Màmá Dára yíjú, wọ́n wo ẹ̀yìn ara wọn nínú dígí.

Nígbà tí wọ́n jáde, wọn ò wo ojú Ẹkúndayọ̀. Wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n ní, “Ọkọ Dára, ẹ jẹ́ ká máa lọ. Ẹ̀yin lẹ gbé mi wá, ẹ má fi mí sílẹ̀ síbí.”

Tìmí rò pé àánú fóònù ló ń ṣe wọ́n. “Mọ́mì, ẹ má bínú,” ó wí nígbà tí wọ́n dé orí freeway. “Bí wọ́n ṣe ṣe é ni.”

“Mo gbọ́.”

“Kò lè yí padà mọ́.”

“Mo ní mo gbọ́. Ẹ wojú títì.”

Bí wọ́n ṣe délé, Màmá Dára gba fóònù ọmọ wọn, wọ́n sì pe Màmá Adéolú. Ọjọ́ Sátidé ti ń bọ̀, bí ó bá sì jẹ́ pé Band Twelve ló di ọ̀nà ìpè ẹ̀gbọ́n wọn mú, wọ́n á lọ tú u.

“Màmá Adéolú, èmi ni o.”

“Ìwọ ta ni?”

“Èmi tí ò support Band Twelve.”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?”

“Gbogbo Sugar Land ti gbọ́. Wọ́n ní mo ti gbó, wọ́n ní kí wọ́n fi mí ṣe pààrọ̀. Kò burú. Ẹ sì ti fi báǹdì yín gba gbogbo Fulshear.”

“Fulshear kẹ̀? Ẹ̀yin nìkan la ní ní Fulshear.” Màmá Adéolú mí kanlẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ti ń dun òun náà, pé mọ́ínmọ́ín inú ike yẹn ò tà rárá níbi ìkórè, tí wọ́n kó o padà sílé. “Màmá Dára, nítorí ewé náà ni?”

“Ẹ dárí jì mí ni mo fi pè.”

“A fẹ́ dán mọ́ínmọ́ín wò nílé mi ní Sugar Land ní Sátidé. Ẹ ń bọ̀?”

“Nínú kí?”

“Ẹ kàn máa bọ̀. Màá wá gbé yín.”

Gbogbo ìgbà yìí, Dára, tí Tìmí ti ròyìn ọ̀rọ̀ Ẹkúndayọ̀ fún, ti jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ń gbọ́. Nígbà tí ìyá rẹ̀ dá fóònù padà fún un, ó ti rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn ún.

“Mọ́mì, fóònù ni wọ́n ń bá wí.”

“Fóònù báwo?”

Dára nu ojú. Ó ní ọ̀nà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń gbà kọjá nínú afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń pè ní band, pé ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà, pé ibi tí wọ́n ti ń ṣe fóònù ni wọ́n ti ń pinnu èyí tí etí rẹ̀ máa gbọ́. “Tiyín gbọ́ ti Nàìjíríà dáadáa. Ó gbọ́ díẹ̀ nínú tàárín ìlú níbí, bí ìhà Sugar Land. Àmọ́ èyí tó dé ọ̀dọ̀ wa, kò ní etí tó fi máa gbọ́ ọ.”

Màmá Dára rò ó. “Tó bá jẹ́ fóònù ni, kí ló kan ẹ̀yìn mi?”

“Ẹ̀yìn fóònù ló sán, Mọ́mì.”

“Nítorí fóònù ni mo ṣe bẹ Màmá Adéolú?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Kò gbọdọ̀ gbọ́ o.” Wọ́n gbé fóònù wọn wò. “O ní fóònù mi ń gbọ́ ti Sugar Land?”

Bí wọ́n ṣe pinnu láti lọ náà nìyẹn. Tìmí ní kí wọ́n kúkú ki síìmù bọ inú tuntun. Wọ́n ní èyí tí ò dá ojú àwọn mọ̀, báwo ló ṣe máa dá ohùn ẹ̀gbọ́n àwọn mọ̀.

Ní Sátidé, Màmá Adéolú pẹ́ kó tó dé. Nígbà tó sì dé tán, ó ń wa mọ́tò lórí Grand Parkway bí ẹni tó gbé ẹyin sẹ́yìn. Tírélà kọjá wọn, ọkọ̀ ilé ìwé tó ṣófo kọjá wọn. Màmá Dára gbé ewé mọ́ínmọ́ín lé itan, wọ́n na fóònù sí wíńdò. Àkókò tí Àǹtí Bọ́lá máa ń pè ti tó. Fóònù ò sọ nǹkan kan.

“Ṣé ẹ ò lè tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ sí i, Màmá Adéolú?”

“Ẹ̀mí lẹ ń wá ni, àbí mọ́ínmọ́ín?”

Ìlà kan yọ lójú fóònù. Ó tún lọ. Ó tún yọ, ó di méjì, fóònù sì bú sí igbe débi tí Màmá Adéolú fi yà bàrá kúrò lójú ọ̀nà, ó wọ ilé epo kan, ó tẹ bíréèkì.

“Níkẹ́.”

“Ẹ̀gbọ́n mi.”

“O gbé e.” Ohùn náà rọ̀ díẹ̀, ó tún le padà. “Níbo lo wà tí ariwo pọ̀ báyìí?”

“Ilé epo ni, mà.”

“Wọ́n ní o kó lọ sílé ńlá. Ṣé ilé epo lo kó lọ?”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú sí mi. Ẹ ń pè mí, mi ò gbọ́ ni. Fóònù yìí ni ò support Band Twelve. Wọ́n ní kò lè yí padà. Ibi tó ti lè ké ni mo ń wá.” Omijé fẹ́ bọ́ lójú wọn. Ìgbà náà ni wọ́n rántí ẹni tó wà níbi sítíárì.

Màmá Adéolú ti yíjú. Ó ń wò wọ́n. “Fóònù,” ó wí jẹ́jẹ́. “Fóònù ni ò support?”

“Ta nìyẹn?” Àǹtí Bọ́lá béèrè.

“Màmá Adéolú ni, mà. Ọ̀rẹ́ mi. Òun ló gbé mi wá síbi tí mo ti lè gbọ́ ohùn yín.”

“Fún un ní fóònù.”

Màmá Adéolú gba fóònù bí ẹni tí wọ́n pè lọ sí ọ́fíìsì ọ̀gá ilé ìwé. Kódà nínú mọ́tò, ó tẹ eékún. “Ẹ kú ilé, mà.”

“Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ gbé e. Màá máa pè é ní gbogbo Sátidé. Ẹ máa gbé e wá fún mi. Níbo lẹ jọ ń lọ?”

“A fẹ́ se mọ́ínmọ́ín ni, mà.”

“Ẹ kú iṣẹ́. Inú kí lẹ ń sè é sí?”

Màmá Adéolú wo Màmá Dára. Màmá Dára ń wo àwọn tó ń ra epo. Ewé wà lórí itan wọn, ó tutù yọ̀yọ̀.

“Ewé ni, mà,” ni Màmá Adéolú wí.

Láti ìgbà náà, Sátidé kan ò kọjá kí mọ́tò Màmá Adéolú má dúró níwájú ilé ní Fulshear, kó gbé Màmá Dára àti fóònù wọn lọ sí Sugar Land. Fóònù tuntun ṣì wà nínú páálí. Òyìnbó ti béèrè lọ́wọ́ Tìmí pé níbo ni wòlíì máa ń lọ ní Sátidé, Tìmí ní ìpè ni wọ́n ń lọ gbà, òyìnbó ní, “Amen.”

Ó ku Ẹkúndayọ̀. Ó máa ń pàdé Màmá Dára ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ra ewé, á sì dọ̀bálẹ̀ kí wọn. Wọ́n mọ̀ dájú pé fóònù ló ń bá wí lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n á dá a lóhùn tẹ̀ríntẹ̀rín, ṣùgbọ́n wọn kì í kọ ẹ̀yìn sí i. Ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n máa ń fi rìn títí wọ́n á fi dé ẹnu ọ̀nà.