‘A Dúpẹ́’ Kì í Ṣe Àyẹ̀wò

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn tí mo fẹ́ tú síta lónìí. Ẹni tó bá ń jẹun lọ́wọ́, kó kọ́kọ́ jẹ ẹ́ tán o! Ọ̀rọ̀ ìtọ̀ ni.

Nọ́ọ̀sì ni mí ní ọsibítù kan níbí n'Ìwó. Lóṣù tó kọjá, wọ́n gbé Bàbá àgbẹ̀ kan wá láti Kúta, ìtọ̀ ò lè jáde lára wọn. Dókítà ní ká fi kátítà sí wọn, ìyẹn rọ́bà tó ń fa ìtọ̀ sínú báàgì. Ara tu Bàbá, wọ́n ṣàdúrà fún gbogbo wa títí dórí ẹni tó ń gbálẹ̀.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa yẹ rọ́bà yẹn wò láràárọ̀: ṣé ojú ibẹ̀ mọ́, ṣé báàgì wà nísàlẹ̀, ṣé ìtọ̀ ò dàrú. Kí ni mo ń ṣe? Màá kúnlẹ̀, màá ní ṣé ara le, Bàbá á ní a dúpẹ́. Ó tán! Ta ni mo jẹ́ tí màá máa ká aṣọ lára ẹni ọgọ́rin ọdún? Mo kọ ọ́ sí fáìlì pé kò sí ìṣòro.

Ní ọjọ́ kẹrin, bí mo ṣe wọ wọ́ọ̀dù, òórùn kan gbá mi nímú. Mo rò pé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni, àṣé ibùsùn Bàbá ni! Ara wọn gbóná, wọ́n ń gbọ̀n, wọ́n ń fi orúkọ ìyá wọn tó ti kú pe ọmọ wọn. Mo ká aṣọ. Yéè! Ọyún ń sun lójú rọ́bà, ìtọ̀ ti ki bí ògì. Wọ́n fi náílọ̀n dúdú wé báàgì, wọ́n gbé e sórí ibùsùn, gbogbo ìdọ̀tí inú rẹ̀ sì ń padà sínú Bàbá.

Mo pariwo mọ́ ọmọ wọn, Ìyá Tólú, tí wọ́n ń ta aṣọ lọ́jà: ta ló ṣe irú nǹkan yìí? Wọ́n ní àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi ń wá kí Bàbá lójoojúmọ́, àwọn ò fẹ́ kí wọ́n máa wo ìtọ̀ Bàbá, àṣírí bàbá ẹni làá bò. Wọ́n ní láti ọjọ́ kejì ni, ṣebí èmi náà ń wá láràárọ̀, àwọn rò pé mo ti rí i.

Mo ṣí fáìlì. Ọjọ́ kejì: kò sí ìṣòro. Ọjọ́ kẹta: kò sí ìṣòro. Ọwọ́ èmi náà ni mo fi kọ ọ́! Ìtọ̀ yẹn rùn, àmọ́ ohun tí mo kọ rùn jù ú lọ. Mo kórìíra ara mi.

Ṣé ìdáhùn ni ‘a dúpẹ́’ ni? Ìkíni ni! Àgbà wo ló máa sọ fún ọmọdé pé abẹ́ ń ta òun?

A yọ rọ́bà, a fi tuntun sí i, wọ́n gbé ìtọ̀ lọ sí láàbù, wọ́n bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́. Odidi ọjọ́ méjì la ò fi mọ̀ bóyá Bàbá á yè é. Wọ́n yè é, Ọlọ́run ṣeun.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ sílé, Ìyá Tólú, obìnrin tó lè bí mi, kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì. Wọ́n ní èmi ni mo gba bàbá àwọn là, kí n dárí ji àwọn. Mo sáré fà wọ́n dìde. Ẹnu mi ò gbà á láti sọ òótọ́.

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ mi, ẹ tọrọ àyè, ẹ fa kọ́tìnì, ẹ ká aṣọ, kí ẹ wò ó! Ọ̀lẹ ni mo ṣe, ọ̀wọ̀ ni mo ń pè é. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì lẹ́ni ní ọsibítù, ẹ jẹ́ kí báàgì wà nísàlẹ̀, kò sí ìtìjú kankan ńbẹ̀.

Ṣé wọ́n ti dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀yin náà rí lórí ohun tí ẹ fọwọ́ ara yín bà jẹ́? Kí lẹ ṣe? Ẹ bá mi kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Nọ́ńbà Ìyá Tólú wà lórí fóònù mi, n ò tíì pè wọ́n.