Èènì Bàbá Bámiṣayé

Ní ọjọ́ tí Bàbá Bámiṣayé gba abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, kò dìde mọ́. Kì í ṣe pé abẹ́rẹ́ náà pa á lára. Ó na ọwọ́ ọ̀tún sí Nọ́ọ̀sì Rebecca, ó ṣí àtẹ́lẹwọ́, ó sì ń retí.

"Bàbá, ó ti tán," ni Rebecca wí. "Ẹ lè máa lọ."

"Ó ti tán kẹ̀? Èènì ńkọ́?"

"Èènì kí ni, Bàbá?"

"Ọmọ mi, ṣílè méjì ni mo san. Bí mo bá fi ṣílè méjì ra gààrí, ìyá tó ń tà á á bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e. Bí mo bá fi ra ẹja lọ́wọ́ àwọn Nupe létí odò, wọn á ju ẹyọ kékeré kan sí i. Ẹ̀yin gún mi, ẹ gbowó, ẹ wá ní kí n máa lọ. Ṣé mo jí abẹ́rẹ́ náà ni?"

Gbogbo àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì bú sẹ́rìn-ín. Ojú ti Rebecca. Kò tí ì pé oṣù mẹ́ta tó ti Ìjùmú dé sí ilé ìwòsàn kékeré yìí, nísàlẹ̀ Paparanda ní Lọ́kọ́ja, aláìsàn ogún sì ń dúró dè é. Ó bẹ Bàbá, Bàbá kò dìde. Ó bínú, Bàbá kò dìde. Níkẹyìn ó ní, "Abẹ́rẹ́ nìkan ni a ní níbí. Bí ẹ bá fẹ́ èènì, ẹ yí ìdí kejì sí mi kí n gún un!"

Bàbá ro ọ̀rọ̀ náà wò, bí ẹni tó ń wo iṣu kó tó rà á. Ó wá nawọ́ sí Àṣàbí, ìyàwó rẹ̀, tó jókòó ti ògiri pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ lórí ẹsẹ̀.

"Kò burú. Ẹ fún un. Òun ló máa ń bá mi gba èènì lọ́jà."

Kó tó pa ẹnu dé, Àṣàbí ti wà lójú títì. Apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìkan ló kù.

Àgbẹ̀ ará Òwórò ni Bàbá Bámiṣayé, láti abúlé kan lẹ́yìn òkè Pátì. Iṣu ló ń gbìn, iṣu ló ń tà. Ohun tó sì ń ya àwọn oníbàárà rẹ̀ lẹ́nu ni pé ọkùnrin tó lè jókòó de èènì láti àárọ̀ dọ́sàn-án kò fún ẹnikẹ́ni ní èènì rí. Bí ẹ bá bi í, á ní, "Iṣu mi tóbi. Títóbi rẹ̀ ni èènì."

Òmìnira kò tí ì dé nígbà náà, ó ku ọdún kan. Ẹnu àwọn ará abúlé kò sì kò lórí ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn. Àwọn kan ní ó wọ́n jù. Àwọn kan ní kò wọ́n tó, pé oògùn tó lágbára kò lè rọ̀ lówó tó bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn ní omi ni wọ́n ń bù sínú rẹ̀. Bàbá Bámiṣayé ni wọ́n fi ṣe adájọ́. Bí ó bá ti Lọ́kọ́ja dé, wọn á yí i ká lábẹ́ igi máńgòrò rẹ̀.

"Bàbá, báwo ni ọjà ìwòsàn lónìí?"

"Oògùn ikọ́ wọn dára. Ó korò débi pé mo gbàgbé ikọ́ náà. Oògùn ibà náà korò, n kò ní ẹ̀sùn kankan sí i. Èyí tó pupa bí osùn yẹn ni kò dára. Ó dùn. Ta ló ń fi oyin lé àìsàn jáde?"

"Àwọn nọ́ọ̀sì ńkọ́?"

"Wọ́n mọ́ bí ẹyin tí a bó, ṣùgbọ́n wọn kì í kí ènìyàn. Ọmọ Ìjùmú yẹn, èmi àti òun tí a jọ ń kí ara wa ní 'Okun o', Gẹ̀ẹ́sì ló fi pè mí wọlé! Ẹni tí kò lè fún ọ ní ìkíni tí kò ná an ní kọ́bọ̀, oògùn wo ló fẹ́ fún ọ?"

Ọ̀rọ̀ yìí dé etí Rebecca, ó sì dùn ún débi pé kò lè jẹun ọ̀sán. Ṣùgbọ́n nígbà tí Bàbá tún wọlé ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó dìde, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Okun o, Bàbá."

Bàbá dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Okun o, ọmọ mi." Ó wo gbogbo bẹ́ǹṣì yíká. "Ẹ rí i bí? Wọ́n ti ń fúnni léènì."

Ní ìgbà yẹn, aláìsàn ló ń mú ìgò tirẹ̀ wá gba oògùn olómi. Bàbá gbé kèrègbè ẹmu wá.

"Bàbá, kí lèyí?" ni Ọláníyì, tó ń pín oògùn, bi í.

"Ẹ ní kí n mú ohun tí ẹ máa rọ oògùn sí wá. Ẹ ò sọ bó ṣe máa tóbi tó."

Ọláníyì wọn ìwọ̀nba tí wọ́n kọ sínú ìwé, ó dà á sínú kèrègbè náà. Bàbá di ojú kan, ó fi ìkejì yọjú wo inú rẹ̀.

"Ọláníyì, oògùn lo bù ni, àbí ìrì ló sẹ̀ síbẹ̀?"

Kò pẹ́ lẹ́yìn èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú, tí èémí rẹ̀ sì ń já bí ó bá gun òkè. Dókítà òyìnbó tó máa ń wá lẹ́ẹ̀mejì lóṣù gbé etí lé àyà rẹ̀ títí. Rebecca ló túmọ̀ ohun tí ó sọ.

"Ó ní ọkàn yín ti rẹ̀, Bàbá. Ó ní bí ẹ bá ń lo oògùn tó kọ yìí, ẹ ó rí ọdún kan."

"Ọdún kan péré?"

"Bẹ́ẹ̀ ló wí."

"Kò sí èènì lórí ẹ̀?"

Rebecca wá Gẹ̀ẹ́sì tí yóò fi sọ ọ́, kò rí. Bàbá kò dúró dè é. Ó kọjú sí dókítà, ó fi Hausa ọjà kígbe béèrè èènì lọ́wọ́ rẹ̀ pé, "Líkítà! Ina jára?"

Kò sí ẹni tó ń ra tòmátì ní Lọ́kọ́ja tí kò mọ jára, ìbáà jẹ́ lọ́wọ́ Igala ló ti ń rà á tàbí lọ́wọ́ Ebira, dókítà náà sì máa ń ra tòmátì. Ó kọ́kọ́ wo Bàbá. Ó wá rẹ́rìn-ín, ó nawọ́.

"Akwai jára," ni ó wí. Èènì wà. Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́ bí àwọn tó parí ọjà.

Nígbà tí ọdún yípo, Bàbá gbé ẹ̀wù òfì wọ̀ ní òwúrọ̀ kan, ó dé fìlà, ó sì wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

"Kí ló ń ṣe yín, Bàbá?"

"Kò sí ohun tó ń ṣe mí. Ọdún tí mo rà tán lánàá. Láti òní lọ, èènì ni mò ń jẹ. Mo ní kí n wá sọ fún yín, kí ẹ má baà rò pé mo jalè."

Ó jẹ èènì náà fún ọdún mẹ́rin.

Àṣàbí nìkan ni kò padà wọ ọgbà ilé ìwòsàn láti ọjọ́ abẹ́rẹ́ náà. Á sin ọkọ rẹ̀ dé ẹnu géètì, á sì jókòó síta. Ní ọdún tó gbẹ̀yìn, Rebecca bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ikọ́ rẹ̀ láti ibi tó jókòó sí, ikọ́ gbígbẹ tí kì í tán. Ó jáde lọ bẹ̀ ẹ́.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọlé kí dókítà gbọ́ àyà yín."

"Èmi? Ìgbà tí n kò ṣàìsàn ẹ fẹ́ gún mi lábẹ́rẹ́. Bí mo bá wá sọ pé mò ń ṣàìsàn ńkọ́?"

Lábẹ́ igi máńgòrò, Bàbá ló ń dájọ́. Nídìí ààrò, Àṣàbí ni. Bí òun kò bá wá, àwọn obìnrin abúlé kò ní wá. Rebecca mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì mọ̀ pé irú ikọ́ tí òun ń gbọ́ yìí máa ń pa ènìyàn. Nígbà tó sọ fún Bàbá, Bàbá kò ṣẹ̀fẹ̀ rárá.

"Ẹnu mi ló lé e jáde," ni ó wí. "Èmi ni mo máa ná an wọlé."

Ó ná an títí. "Mo fi iṣu mẹ́wàá lọ̀ ọ́, ó kọ̀," ni ó wá sọ fún Rebecca. Lọ́sẹ̀ kejì, "Mo fi ogún lọ̀ ọ́. Ó ní kí n lọ gún un jẹ." Lọ́sẹ̀ kẹta kò wá. Ó sùn lọ́sàn-án kan lábẹ́ igi rẹ̀, nígbà tí iṣu tuntun ń wọlé, kò sì jí mọ́.

Ó tó ogójì ọjọ́ lẹ́yìn náà kí Rebecca tó tún gbọ́ ikọ́ yẹn ní ẹnu géètì. Ikọ́ náà dúró síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wọlé. Apẹ̀rẹ̀ ọjọ́sí ni Àṣàbí gbé dání, iṣu ńlá kan wà nínú rẹ̀, àwọn kékeré méjì sì wà lórí.

"Okun o, nọ́ọ̀sì. Kí ọkọ mi tó lọ, ó ní kí n mú un wá fún yín. Ńlá yìí ni ti yín. Kékeré méjì yìí..." Ó fọwọ́ kàn wọ́n. "Ó ní èènì ni."

"Bámiṣayé?" ni ẹnìkan kígbe lórí bẹ́ǹṣì. "Bámiṣayé fúnni léènì?"

"Òun náà ni." Àṣàbí jókòó. "Abẹ́rẹ́ tó ní kí ẹ fún mi lọ́jọ́sí, ó ní gbèsè rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn yín. Mo wá gbà á."

Dókítà gbọ́ àyà rẹ̀, ó sì kọ̀wé. Rebecca ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì.

"Màmá, kì í ṣe ẹyọ kan o. Ọgbọ̀n ni. Ọ̀kọ̀ọ̀kan lójúmọ́."

"Ọgbọ̀n!"

Àṣàbí wo ẹnu ọ̀nà. Ó wá gbójú sókè wo òrùlé.

"Bámiṣayé! Èènì yìí mà pọ̀ o!"

Gbogbo bẹ́ǹṣì rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, títí ó fi mú etí ìró rẹ̀ nu ojú, tó sì pẹ́ kó tó gbé e kúrò níbẹ̀.

"Ó yá, ọmọ mi," ni ó wí. "Gún un."

Ó wá lọ́jọ́ kejì, ó wá lọ́jọ́ kẹta. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹwàá, obìnrin abúlé mẹ́rin ti ń bá a wá. Ikọ́ náà ti dákẹ́ kó tó pé ogún, ṣùgbọ́n Àṣàbí gba gbogbo ọgbọ̀n náà pé. Ó ní ọkọ òun kò fi èènì sílẹ̀ lọ́jà rí.