Wáyà Tí Kò Tú

Ìdì wáyà kan kì í wọ́n nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀. Rewáyà tó ń tún iná ọkọ̀ wa ṣe ní Kinkinau, ní Kaduna, ọmọ Ọ̀yọ́ bíi tiwa tí gbogbo ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ń gbé ọkọ̀ fún, kì í wá ìdí ohun tó bàjẹ́. Ṣe ló máa ń so ó. Tó bá so ó tán, á ní, "Kò ní tú láéláé."

Nígbà tí éésì ọkọ̀ wa kọ̀, tó jẹ́ pé gíláàsì iwájú nìkan ló ń fẹ́ sí, mo ní kó yẹ ẹ̀rọ kékeré tó ń darí atẹ́gùn wò. Ó rẹ́rìn-ín.

"Kai, Àǹtí, ìwé yín ti pọ̀ jù. Kí ni gíláàsì fẹ́ fi atẹ́gùn ṣe nínú ooru Kaduna?"

Ó fi wáyà de ìdérí ihò tí atẹ́gùn ń gbà lọ sí gíláàsì pa. Kò sọ fún ọkọ mi.

Lọ́jọ́ tí òjò ká ọkọ mi mọ́ ọ̀nà Kudenda, ìkùukùu bo gíláàsì láti inú, kò sì sí atẹ́gùn tó máa gbẹ ẹ́. Ó ń fi áńkáṣífù nù ún lọ́wọ́ nígbà tó kọ lu tírélà tó dúró. Ojú ọ̀tún rẹ̀ ò ríran mọ́.

Mo mú rewáyà lọ síbi tí wọ́n wọ́ ọkọ̀ náà sí, kó lè rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó na ọwọ́ sábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù tó ti fọ́, ó fa wáyà náà wò.

"Sannu, Àǹtí, ẹ kú ìrọ́jú," ó ní. "Àmọ́ ẹ wò ó, kò tú."