Owó Tí Ìyá Onígààrí Dá Padà

Bàbá mi kì í ṣe àgbẹ̀. Iṣẹ́ ìjọba ni wọ́n ń ṣe ní Òdogbolú, bàtà wọn máa ń dán, ṣòkòtò wọn kì í sì í rún. Ṣùgbọ́n ní nǹkan bí ọdún 1984, nígbà tí owó oṣù ń pẹ́ kó tó jáde, gbogbo òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá ti lè rí ilẹ̀ ló sọ ara rẹ̀ di àgbẹ̀ ọjọ́ Sátidé. Bàbá mi rí ilẹ̀ kékeré kan rà lọ́nà Ìjagun, wọ́n gbin ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo sí i, wọ́n sì kó adìyẹ díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Èmi ni mo ń gbé omi fún adìyẹ, èmi náà ni mo ń roko. Mi ò ní purọ́ fún yín, mo kórìíra oko yẹn tọkàntọkàn.

Nígbà tí koríko fẹ́ bo ẹ̀gẹ́ mọ́lẹ̀, bàbá mi bá ìyá kan sọ̀rọ̀ tí oko tiwọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa. Ìyá Onígààrí ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n. Ọkọ wọn ti kú, ilẹ̀ onílẹ̀ ni wọ́n fi ń dáko, wọ́n sì ń tọ́ ọmọ méjì: ọkùnrin kan tó fi díẹ̀ jù mí lọ, àti obìnrin kan tó jẹ́ ẹgbẹ́ mi. Bàbá mi ní kí wọ́n jọ̀ọ́ jẹ́ kí àwọn ọmọ náà wá bá wa roko lọ́jọ́ kan, wọ́n sì béèrè iye tí wọ́n máa san. Ìyá Onígààrí rẹ́rìn-ín.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ wá ṣe é ná, Bàbá. Ọ̀rọ̀ owó kọ́."

Bàbá mi rò pé ìtìjú ni. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ìdí oúnjẹ di ilé ẹjọ́. Ìyá mi, tí wọ́n jẹ́ olùkọ́, ní kí wọ́n fún ọkùnrin ní owó tó ju ti obìnrin lọ, pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ayé ń ṣe.

"Kí ló dé?" ni bàbá mi wí. "Ṣé koríko tí obìnrin bá ro kì í kú ni?"

Wọ́n rò ó síwá, wọ́n rò ó sẹ́yìn. Níkẹyìn wọ́n ní àwọn máa fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìdajì owó tí wọ́n ń san fún lébìrà tó jẹ́ àgbàlagbà, pẹ̀lú oúnjẹ ọ̀sán, ọkùnrin àti obìnrin bákan náà. Mo béèrè iye tó máa kàn mí. Bàbá mi wò mí láti òkè délẹ̀.

"Ìwọ? Oúnjẹ tí ò ń jẹ yẹn, ṣé ọ̀fẹ́ ni wọ́n fi ń fún mi lọ́jà ni?"

Mo yáa jẹ oúnjẹ mi tán.

Àwọn ọmọ Ìyá Onígààrí dé ní Sátidé kí oòrùn tó yọ. Wọ́n ṣiṣẹ́, wọn ò ṣeré. Nígbà tí èmi ṣì ń dúró wo ọwọ́ mi tó ti lé, ọmọkùnrin yẹn kọjá lára mi, ó ní, "Ṣé o fẹ́ ro koríko yìí ni, àbí o fẹ́ bẹ̀ ẹ́ kó lọ fúnra rẹ̀?" Inú bí mi, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà pa mí. Kó tó di ìrọ̀lẹ́ oko ti mọ́ tónítóní. Bàbá mi pè wọ́n, wọ́n fún wọn lówó. Àwọn ọmọ náà wo ojú ara wọn. Ọmọbìnrin náà ò tiẹ̀ na ọwọ́ títí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi fi ìgbọ̀nwọ́ tì í.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, Ìyá Onígààrí wá sílé wa. Wọ́n tú etí ìró wọn, wọ́n kó owó náà sórí tábìlì.

"Bàbá, ẹ ṣé gan-an. Àwọn ọmọ mi ò wá torí owó."

Ẹ wá wo ohun tí bàbá mi ṣe. Wọ́n rò pé owó náà ló kéré. Wọ́n wọ yàrá lọ, wọ́n sì mú owó mìíràn wá fi kún un. Ìyá Onígààrí wo owó náà, wọ́n ní "Ó dáa, Bàbá, ó dàbọ̀," wọ́n sì fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì lọ. Bàbá mi ní ìgbéraga ni. Nígbà tí Sátidé mìíràn dé tí a jókòó sílé, tí àwọn ọmọ náà ò sì wá béèrè iṣẹ́, wọ́n kùn títí ilẹ̀ fi ṣú pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò fẹ́ iṣẹ́.

Èmi ni mo gbọ́ òótọ́ ọ̀rọ̀ náà, nídìí ẹ̀rọ omi. Mo kí ọmọbìnrin yẹn, kò dá mi lóhùn. Mo bi í pé kí ni mo ṣe.

"Ẹ̀yin lẹ ò wá," ló wí. "Àáró ni màmá wa bá yín ṣe. A ti ṣe tiyín, tiwa ló kàn ní Sátidé tó kọjá. Wọ́n se ìkọ́kọrẹ́ sí ìkòkò ńlá dè yín. Ilẹ̀ ṣú, ẹ ò wá."

Mo mọ àáró, ta ni ò mọ̀ ọ́n? Ẹ bá mi ro oko mi lónìí, kí n bá yín ro tiyín lọ́la. Ara ni wọ́n fi ń san án, wọn kì í fi owó san án. Kò kàn sí ẹnì kankan nílé wa tó rò pé ọ̀rọ̀ náà lè kan òṣìṣẹ́ ìjọba.

Ó ku èyí tó burú jù. Onílẹ̀ ti ta ilẹ̀ tí Ìyá Onígààrí fi ń dáko. Katapílà ń bọ̀ ní ọjọ́ Túsìdeè lẹ́yìn Sátidé tó ń bọ̀, gbogbo ẹ̀gẹ́ wọn ló sì ṣì wà nínú ilẹ̀. Ẹ̀gẹ́ yẹn ni gààrí, gààrí yẹn ni owó ilé ìwé. Màmá wọn fi ọmọ méjì ṣáájú kí gbogbo ilé wa lè wá bá wọn fà á.

"Kí ló dé tí màmá yín ò sọ?" ni mo bi í.

"Ta ló ń lọ bá àgbàlagbà nílé pé kó wá san àáró?"

Mo délé, mo sọ ọ́ nídìí oúnjẹ. Bàbá mi gbé ṣíbí sílẹ̀. Wọ́n ní àwọn máa wá lébìrà, àwọn máa sanwó wọn, kí wọ́n lọ fa ẹ̀gẹ́ náà. Ìyá mi ní, "Lébìrà kọ́ ló jẹ wọ́n ní gbèsè. Àwa ni."

Gbogbo wa lọ ní Sátidé. Ìyá Onígààrí ò bá wa ṣẹjọ́, "Ẹ kú iṣẹ́" péré ni wọ́n wí, ojú sì tì mí ju kí wọ́n bú wa lọ. A fa ẹ̀gẹ́ títí ọwọ́ wa fi bó. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, bàbá mi tí kì í pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ tún padà lọ. Wọ́n gba ààyè níbi iṣẹ́ ní Mọ́ńdè, wọ́n lọ. Síbẹ̀ a ò fà á tán. Mo dúró lẹ́bàá ọ̀nà ní Túsìdeè, mo rí i bí katapílà ṣe ń gbé èyí tó kù pọ̀ mọ́ erùpẹ̀, mo sì sunkún.

Ní Sátidé, mo rí àwọn ọmọ méjèèjì lóko wa pẹ̀lú ọkọ́, àti ìyá wọn. Ẹ̀rín bàbá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé etí. Wọ́n sáré lọ bá wọn.

"Ìyá, mo ti mọ̀ ọ́n báyìí. Ọjọ́ wo la máa wá ṣe tiyín?"

"Tiwa?" Ìyá Onígààrí ò bínú, ohùn wọn ò yí padà. "Mi ò ní oko mọ́, Bàbá. Ẹ máa sanwó fún wọn. Iye tí ẹ san níjọ́sí, ó tó."

 Nírọ̀lẹ́ bàbá mi kó owó jáde. Lọ́tẹ̀ yìí àwọn ọmọ náà na ọwọ́ kíákíá, wọ́n kà á lójú wa. Ọmọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀. Títí di ọjọ́ yẹn, Bàbá ló ń pe bàbá mi.

"Ẹ ṣé, ọ̀gá," ló wí.