Ẹṣin Tuntun Aláròyé

Aláròyé ni gbogbo ilé ẹṣin ń pe ìyàwó mi, kò sì bínú sí i. Kò sí ẹṣin tó ń kọ́ tí kì í bá sọ̀rọ̀. Bó bá ń fọ̀ wọ́n, á máa ròyìn ilé wa fún wọn. Bó bá gùn wọ́n, á máa bi wọ́n bóyá ilẹ̀ ò gbóná jù. "Ẹṣin tó bá ń gbọ́ ohùn ẹni, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀," ló máa ń wí. Bó ṣe kọ́ gbogbo òṣìṣẹ́ ibẹ̀ nìyẹn, débi pé bí ẹ bá wọlé láàárọ̀, ẹ óò rò pé ìpàdé ni wọ́n ń ṣe. Èmi tí mo ń rán gàárì ní yàrá ẹ̀gbẹ́, ńṣe ni mo máa ń ti fèrèsé.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló ni ilé ẹṣin náà. Ó ra ẹṣin pupa kan lọ́wọ́ àgbẹ̀ kan tó jẹ́ odi. Àyà ẹṣin náà fẹ̀, pátákò rẹ̀ le. Ṣùgbọ́n bí Aláròyé bá ti di gàárì mọ́ ọn tó gùn ún, á gbé etí sẹ́yìn, á máa ta ìpá bí ẹni tí ìjàlọ wọ ṣòkòtò rẹ̀. Ìyàwó mi á sì máa bẹ̀ ẹ́: "Rọra, ọkọ mi, rọra. Kí la ṣe fún ẹ?" Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó gbé e ṣánlẹ̀, ó dìde, ó gbọn aṣọ, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní bí ẹṣin bá dá ni, à tún un gùn ni.

Lẹ́ẹ̀kejì, kò dìde. Mo sáré jáde, mo bá a nílẹ̀, ojú rẹ̀ là sílẹ̀. Mo pè é, mo pè é, kò fọhùn. Èémí rẹ̀ ló há. Nígbà tó padà mí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bú ẹṣin náà. Ṣùgbọ́n ìdákẹ́ yẹn bà mí lẹ́rù ju ohunkóhun tí mo ti rí láyé lọ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. "Bó bá tún dá ẹ, mi ò ní jẹ́ kó o gun ẹṣin kankan mọ́. Koríko lo máa máa gé fún wọn."

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni mo fẹ́ fi koríko ṣe? Orí gàárì ni mo dàgbà sí."

"Ṣé orí ẹ̀ náà lo fẹ́ kú sí? Mo ti sọ tèmi."

Ìyàwó mi ò jẹun ọ̀sán yẹn. Kò síṣẹ́ mìíràn tó mọ̀, kò sì síṣẹ́ mìíràn tó fẹ́.

Àwọn òṣìṣẹ́ wá ní gàárì mi ló ń gún ẹṣin lẹ́yìn. Inú bí mi gan-an. Mo kó abẹ́rẹ́, mo lọ di gàárì náà mọ́ ẹṣin fúnra mi, mo ń tọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀ wò. Abẹ́rẹ́ wà láàárín ètè mi bí ìṣe mi, mi ò lè sọ̀rọ̀. Ẹṣin náà dúró jẹ́ẹ́ bí àgùntàn. Mo fara tì í, mo fi gbogbo agbára tẹ gàárì mọ́lẹ̀: kò mira. Mo ṣì fara lé gàárì, mo yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu, mo ní, "Ṣé o rí i, gàárì mi ò ṣe nǹkan kan fún ẹ." Ó gbé etí sẹ́yìn, ó fò sókè, díẹ̀ ló kù kó tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀.

Ẹnu yà mí. Mo dá abẹ́rẹ́ padà sẹ́nu, ó rọlẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀ pé odi ló tọ́ ẹṣin yìí dàgbà, kò sì sẹ́ni tó rò ó pé kò gbọ́ ohùn èèyàn láti orí ẹ̀yìn rẹ̀ rí. Ẹ̀bẹ̀ tí à ń bẹ̀ ẹ́ ló ń dẹ́rù bà á.

Ó wá ku ẹni tó máa sọ fún Aláròyé.

"Ẹ ní kí n dákẹ́?" Ó fọwọ́ lé ìbàdí. "Bàbá wọn, látọjọ́ tẹ́ ẹ ti fẹ́ mi lẹ ti ń wá ọ̀nà yìí. Ẹṣin lẹ wá rí sá sí lẹ́yìn!"

"Ṣáà dán an wò. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè..."

"...ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo mọ̀ ọ́n."

Mo gé awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan fún un pé kó fi eyín dì í mú. Mo mọ ẹni tí mo fẹ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó káwọ́ sẹ́yìn. Aláròyé gun ẹṣin. Ẹṣin gbé etí sẹ́yìn, ó ń retí ariwo, ariwo ò dé. Ìyàwó mi fọwọ́ pa á lọ́rùn, ó fẹsẹ̀ kàn án níkùn díẹ̀. Ó rìn. Ó yí pápá po, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, etí rẹ̀ ti padà síwájú. Inú gbogbo èèyàn dùn, tèmi nìkan ni ò dùn. Ojú ìyàwó mi là sílẹ̀, kò fọhùn, àyà mi sì ń já bó ṣe já lọ́jọ́ tó wà nílẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbàdúrà kí obìnrin yìí panu mọ́. Ó wá pa á mọ́, mi ò lè wò ó.

"Ìwọ ni wàá máa gùn ún," ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí nígbà tó sọ̀ kalẹ̀. "Má jẹ́ kí ẹlòmíì fọwọ́ kàn án."

Ìyàwó mi fi orí dáhùn pé òun gbọ́. Ó so ẹṣin mọ́lẹ̀, ó fà mí wọ yàrá iṣẹ́ mi, ó yọ awọ lẹ́nu. "Bàbá wọn! Ẹ ò mọ ohun tójú mi rí lórí ẹṣin yẹn!"

Mo ti fèrèsé. Nítorí ẹṣin ni lọ́tẹ̀ yìí. Mo gbé àpótí wá fún un, mo ní, "Jókòó. Bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀."